Bí a ṣe ń gé ringtone lórí kọ̀ǹpútà kó lè dún gbangba lórí fóònù

Orin tó ń mi ilé tìtì nígbà tí ẹ fi sípíkà ńlá gbọ́ ọ lè di ohun tí ẹ kò ní gbọ́ rárá bí fóònù bá ń dún nínú báàgì yín lọ́jà. Orin náà kò ṣẹ̀. Sípíkà inú fóònù ló kéré, kò lágbára àtigbé ohùn ìsàlẹ̀ (bass) jáde. Ọ̀pọ̀ orin sì wà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń rọra wọlé, nígbà tó bá fi máa dé ibi tó dùn, ó ti sú ẹni tó ń pè. Ìdí nìyẹn tí ringtone fi ju orin tí a kàn gé orí àti ìrù rẹ̀ lọ. Ẹ ní láti mọ ibi tí ẹ ó mú, kí ẹ tún ohùn rẹ̀ ṣe fún sípíkà kékeré, kí ẹ sì gbé e síbi tí fóònù ti máa rí i.

Áàpù tó ń gé orin pọ̀ lórí fóònù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ló máa ń bo ibi tí a fẹ́ gé. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ lè fẹ àwòrán ìró náà títí ẹ ó fi rí ibi tí kọ̀ǹgọ́ ti kan awọ ìlù gan-an. Ó tún ní irinṣẹ́ tó lè yọ ariwo jẹnẹrétọ̀, tó sì lè gbé ohùn sókè láìba a jẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: ohun tí ẹni tó ń pè yín máa ń gbọ́ kí ẹ tó gbé e, tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yọ owó fún, caller tune nìyẹn. Ọ̀dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wà, kọ̀ǹpútà yín kò lè dé ibẹ̀. Èyí tó ń dún lọ́wọ́ yín là ń sọ níbí, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ohun tí ẹ máa lò

Audacity ni, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé ohùn, tí a sì fi ń tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 2000, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Orí audacityteam.org ni kí ẹ ti gbà á, torí àwọn ojú òpó mìíràn máa ń di ẹrù tí ẹ kò béèrè mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí ìlànà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní kí ẹ lọ wá LAME lọ́tọ̀ kí ẹ tó lè ṣe MP3, ìlànà àtijọ́ ni. Láti 2019 ni LAME ti wà nínú Audacity fúnra rẹ̀. FFmpeg nìkan ló kù tí ẹ máa fi sí i lọ́tọ̀, òun ló ń jẹ́ kí Audacity lè ka M4A, irú fáìlì orin kan, kó sì lè ṣe é. Ẹni tó bá ń lo iPhone nílò rẹ̀ gan-an. Inú Preferences, lábẹ́ Libraries, ni ẹ ó ti rí bọ́tìnì tó máa júwe ibi tí ẹ ti lè gbà á.

Orúkọ menu tí ẹ máa bá pàdé níbí jẹ́ ti Audacity ẹ̀dà 3 lórí Windows. Lórí Mac, ẹ fi Cmd rọ́pò Ctrl. Nínú àwọn ẹ̀dà àtijọ́, àwọn irinṣẹ́ kan náà wà nínú Effect, ṣùgbọ́n wọn kò pín wọn sí abẹ́ orí-orí.

Ẹ tún wá earphone, àti wáyà USB tó ń gbé dátà. Wáyà olówó pọ́ọ́kú mìíràn wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé: fóònù á máa gba iná, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé fóònù àwọn ló bàjẹ́, wáyà ni.

Orin wo ló ṣe é gé?

MP3, WAV, FLAC àti OGG á ṣí láìsí wàhálà. Orin tí ẹ gbà sínú Spotify, Apple Music tàbí YouTube Music láti máa gbọ́ láìsí dátà kò ní ṣí ní tirẹ̀, torí wọ́n ti tì í pa, inú áàpù yẹn nìkan ló ti ń dún. Èyí tí ẹ fowó rà tán ní iTunes Store kò rí bẹ́ẹ̀, láti 2009 ni wọ́n ti ṣí orin tí wọ́n ń tà níbẹ̀ sílẹ̀. CD àtijọ́ tó wà nílé náà wúlò, ṣùgbọ́n Audacity kì í fa orin jáde nínú CD. Windows Media Player tàbí iTunes ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kó o sórí kọ̀ǹpútà.

Ohùn ènìyàn ni ringtone tó wù wá jù: ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀, bàbá àgbà tó ń súre. Voice note orí WhatsApp ló sì sábà máa ń jẹ́. Lórí Android, ẹ wọ inú fódà Android, lẹ́yìn náà media, com.whatsapp, WhatsApp, Media, WhatsApp Voice Notes. Orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PTT àti ọjọ́ tó wọlé, .opus ló sì máa ń parí sí, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ wá a. Bí Audacity bá kọ̀ láti ṣí .opus, FFmpeg ni kò sí níbẹ̀. Ẹ má ṣe kàn yí orúkọ fáìlì sí .mp3. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yí padà, kò sì ní ṣí síbẹ̀.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí wọ́n fi áàpù tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù gbà á lákọ̀tun, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ bíi Document. WhatsApp máa ń fún ohùn voice note pọ̀ kó lè kéré, ohun tó bá sì ti fún dànù kò ṣe é dá padà.

Gígé

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹ má ṣe kánjú. Bí ariwo bá wà lẹ́yìn ohùn yín, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ bí a ṣe sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ “Títún ohùn ṣe” nísàlẹ̀, kí ẹ tó gé ohunkóhun.

Ẹ fi File, Open ṣí orin náà. Ibi tí àwòrán ìró bá ti ga ni ohùn ti le, ibi tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹ tẹ Space kó máa dún, ẹ tún un tẹ̀ kó dúró. Ẹ gbọ́ orin náà dé òpin lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ máa wá ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ lójijì. Nínú fújì, ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí ìlù ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí olórin ti fi ohùn nìkan ṣáájú. Nínú jùjú, ẹ wo ibi tí gìtá ti dá wọlé. Nínú orin tí gángan bá wà, ibi tí onílù ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ olórin lẹ́nu kò lẹ́gbẹ́, torí ohùn gángan ga, sípíkà fóònù sì lè gbé e.

Ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 tó fún ìpè. Android kò ní òdiwọ̀n, odidi orin ló lè lò, àmọ́ ohun tí ẹ máa gbọ́ kò ní ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. iPhone kì í gba ohun tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ. Fún ìró àtẹ̀jíṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 3 ni, bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó ti kà á tán kó tó dákẹ́.

Ẹ fi máòsì fa ìlà mú apá tí ẹ fẹ́. Ẹ tẹ Ctrl+E kó fẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún fi Ctrl+1 fẹ ẹ sí i. Ẹ di Shift mú kí ẹ tẹ ẹ̀bá ibi tí ẹ mú láti sún etí rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Nígbà tí etí méjèèjì bá ti wà níbi tó yẹ, ẹ tẹ Z. Z á sún etí náà díẹ̀ sí ibi tí ìlà ìró ti ń kọjá ní àárín gbùngbùn. Bí ẹ kò bá ṣe é, tí ẹ gé e nígbà tí ìlà ṣì wà lókè, ẹ ó máa gbọ́ “pá” kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin. Lẹ́yìn náà, Ctrl+T á gé gbogbo ìyókù dànù, èyí tí ẹ mú nìkan á kù.

Pàkúté kan wà níbí. Bí ẹ bá mú ìṣẹ́jú àáyá 25 láàárín orin, tí ẹ sì gé ìyókù, èyí tó kù á ṣì jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, bóyá ní 1:40. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá lè tẹ̀ lé e jáde, fóònù á sì “kọ̀” láti dún. Ẹ lọ sí Tracks, Align Tracks, Start to Zero, á fà á wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà tuntun, ẹ tún máa rí Trim blank space before first clip nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, ẹ fàmì sí i.

Bí ohùn ènìyàn bá ni, ẹ má ṣe fi ojú nìkan gé e. Ọ̀pọ̀ oríkì wa ló fi fáwẹ́lì ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àkànní. “À” yẹn kì í ga lójú àwòrán, ìdákẹ́jẹ́ ló jọ. Ẹni tó bá gé e níbi tí àwòrán ti ga, “jọkẹ́” ni fóònù rẹ̀ á máa pè. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó, kí ẹ sì fi earphone gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe fi Fade In sí ìbẹ̀rẹ̀ oríkì, òun náà á gbé fáwẹ́lì yẹn mì.

Gángan ní tirẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ó sì ní ibi tí gbólóhùn rẹ̀ parí sí. Bí ẹ bá gé e láàárín, ẹni tó gbọ́ èdè ìlù á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ mọ́ onílù lẹ́nu. Ẹ fi etí sí i títí á fi sọ tán, kí ẹ gé e lẹ́yìn ìlù tó kẹ́yìn nínú gbólóhùn náà, nígbà tí ìró rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀.

Bí ringtone bá parí tí ẹ kò tíì gbé ìpè, fóònù á tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òpin ti pàdé ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù, torí ìlù á kọsẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dán an wò: láti ẹ̀dà 3.1, ẹ tẹ L kí ó máa yí po, nínú ẹ̀dà àtijọ́ Shift+Space ni. Ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń pẹ́ ju orin lọ nígbà tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti gé òpin rẹ̀ kúrú jù. Bí ẹsẹ̀ bá ń yá ju orin lọ, àyè ṣẹ́kù lẹ́yìn ìlù tó kẹ́yìn. Ohun tó máa ń ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé ká gé ìbẹ̀rẹ̀ ní ojú agogo tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń pa àkókò mọ́, ká sì gé òpin ṣáájú ojú kan náà gẹ́lẹ́. Bí orin náà bá yí po dáadáa, ẹ má ṣe fi Fade Out sí i. Bí kò bá ṣe é yí po, ẹ mú ìṣẹ́jú àáyá 1 tó kẹ́yìn, kí ẹ lo Effect, Fading, Fade Out.

Títún ohùn ṣe

Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí fáànù bá wà lẹ́yìn ohùn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà. Ẹ mú ibi tí ariwo náà nìkan ti ń dún, tí kò sí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ó kéré tán ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Torí náà, ó dára kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gé fáìlì. Ẹ lọ sí Effect, Noise Removal and Repair, Noise Reduction, kí ẹ tẹ Get Noise Profile. Lẹ́yìn náà, Ctrl+A láti mú gbogbo rẹ̀, ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ fi Noise reduction sí 9 dB, Sensitivity sí 6, kí ẹ tẹ OK. Bí ẹ bá gbé e kọjá 12 dB, ohùn á di bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Ariwo díẹ̀ tó ṣẹ́kù kò burú tó ìyẹn, torí sípíkà fóònù kò ní gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Irinṣẹ́ yìí dára fún ariwo tó dúró sójú kan. Kò lè mú akùkọ tó kọ, tàbí mọ́tò tó fun fèrè, kúrò.

Ẹ sọ ọ́ di mono, ìyẹn ohùn tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde: Tracks, Mix, Mix Stereo Down to Mono. Ohun tí wọ́n bá fi sí ẹ̀gbẹ́ òsì àti ohun tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á jọ dún níbi kan, fóònù tó ní sípíkà kan kò ní pàdánù ìkankan.

Ohun tó wà fún sípíkà kékeré gan-an ni High-Pass Filter, nínú EQ and Filters. Ẹ fi Frequency sí 200 Hz, Roll-off sí 24 dB. Ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń gba àyè jù nínú orin, bẹ́ẹ̀ sípíkà fóònù kò lè mú un dún. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á jókòó síbẹ̀ lásán, kò ní jẹ́ kí ẹ lè gbé ìyókù sókè. Bí ẹ bá yọ ọ́, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gúdúgúdú àti omele á yọ dáadáa. Bó bá jẹ́ ìyá ìlù lẹ fẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ fi Frequency sí 120 tàbí 150, kí ohùn ìsàlẹ̀ tó ń fi sọ̀rọ̀ má baà rù. Lórí earphone, orin náà á dà bí ohun tó ti tín-ín-rín. Ẹ má bẹ̀rù, earphone kọ́ lẹ ń ṣe é fún.

Lẹ́yìn náà, nínú EQ and Filters kan náà, ẹ ṣí Filter Curve EQ, kí ẹ fa ìlà sókè díẹ̀ láàárín 2000 Hz àti 4000 Hz, bíi 3 dB. Agbègbè yẹn ni etí ènìyàn ti máa ń gbọ́ ohùn jù. Bí ẹ bá fà á ju 6 dB lọ, á máa gún yín létí.

Ó wá kan kíki ohùn. Nínú Volume and Compression, ẹ mú Compressor, kí ẹ fi Threshold sí −18 dB, Ratio sí 3. Ó ń fa ibi tó le jù wálẹ̀ kí èyí tó rọra lè súnmọ́ ọn. Fún oríkì tí ìyá ń kì ní ohùn jẹ́jẹ́ lápá kan, tó sì gbóhùn sókè lápá kejì, iṣẹ́ ńlá lèyí ń ṣe. Ìgbà yìí ni ẹ tó máa lo Normalize, tó ń gbé gbogbo ohùn náà sókè lápapọ̀, ní −1 dB. Òun ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, torí gbogbo ohun tí ẹ ti ṣe ṣáájú ló ń yí bí ohùn ṣe le tó padà. Ẹ má ṣe gbé e dé 0. MP3 máa ń ti ohùn sókè díẹ̀ nígbà tó bá ń fún un pọ̀, ohùn tó bá sì ti kan òrùlé á máa ya. Ẹ tan View, Show Clipping: bí ìlà pupa bá yọ, ẹ ti ki í jù. Ctrl+Z, kí ẹ tún un ṣe.

Gbígbé e sórí Android

File, Export Audio. Fún MP3, ẹ mú Mono, 44100 Hz, Constant, 128 kbps. Ìṣẹ́jú àáyá 30 kò ní ju 480 KB lọ. Bó bá jẹ́ WAV stereo ni, ó ń lọ sí 5 MB, kò sì ní dún jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí sípíkà fóònù. Nínú àlàyé orin tí Audacity máa fi hàn yín, ẹ pa orúkọ tó wà ní Track Title rẹ́ kí ẹ kọ tiyín. Fóònù mìíràn wà tó jẹ́ pé Track Title ló ń fi hàn nínú àkójọ dípò orúkọ fáìlì, ẹ ó kàn máa wá ringtone yín tí yóò sì wà lójú yín.

Bó bá jẹ́ orin tó ń yí po ni, OGG ló dára jù, ní Quality 5. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ bíńtín sí orí àti ìrù fáìlì, ìyẹn á sì ba ojú ìlù tí ẹ fara balẹ̀ gé jẹ́. OGG kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àlàyé orin náà, ẹ fi ìlà kan kún un: Tag rẹ̀ ANDROID_LOOP, Value rẹ̀ true. Android mọ àmì yìí, á sì máa yí orin náà po láìsí àlàfo. Ẹ má ṣe fi í sí ìró àtẹ̀jíṣẹ́ o! Ìró náà kò ní dákẹ́ títí ẹ ó fi pa á.

Ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ fa ojú fóònù wálẹ̀, kí ẹ tẹ ìkéde USB, kí ẹ mú File transfer, torí gbígba iná ni fóònù máa ń mú fúnra rẹ̀. Nínú Internal storage, ẹ wá fódà Ringtones. Bí kò bá sí, ẹ dá a sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, s rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣubú. Notifications ni ti àtẹ̀jíṣẹ́, Alarms ni ti aago ìtají. Mac kì í dá Android mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi Bluetooth tàbí Google Drive gbé fáìlì náà, kí ẹ sì fi áàpù fáìlì orí fóònù gbé e sí Ringtones.

Lórí fóònù, ẹ lọ sí Settings, Sound, Ringtone. Lórí Samsung, Sounds and vibration ni wọ́n ń pè é, àmì + tó wà lókè lẹ ó sì fi wá fáìlì bí kò bá sí nínú àkójọ. Ẹni tó ní SIM méjì á yan ti SIM kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ á yí ti SIM 1, wọ́n á wá máa retí rẹ̀ lórí ìpè tó gba SIM 2 wọlé.

Bí orin kò bá yọ nínú àkójọ, ẹ pa fóònù kí ẹ tún un tàn, kó lè ka fódà náà lákọ̀tun. Bí kò bá tún yọ, ẹ wò ó bóyá fáìlì kan tó ń jẹ́ .nomedia wà nínú fódà, òun ló ń sọ fún Android pé kó má wo ibẹ̀. Ẹ má sì fi ringtone sórí memory card. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ káàdì náà, ohùn tó bá fóònù wá ló máa padà síbẹ̀.

iPhone

Ti iPhone gba sùúrù díẹ̀. Kò fẹ́ MP3 fún iṣẹ́ yìí, AAC, irú ohùn tó máa ń wà nínú M4A, tí orúkọ fáìlì rẹ̀ parí sí .m4r ló fẹ́. Ẹ fi ringtone náà sí ìṣẹ́jú àáyá 39 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Bí FFmpeg bá ti wà níbẹ̀, ẹ yan M4A nínú Export Audio. Bí kò bá sí, ẹ gbé e jáde bíi WAV, ẹ ṣí i nínú iTunes tàbí áàpù Music orí Mac, kí ẹ tẹ File, Convert, Create AAC Version. Bí ohun tí ẹ rí níbẹ̀ bá jẹ́ Create MP3 Version, inú Import Settings lẹ ti máa yí i sí AAC Encoder.

Ẹ wá yí .m4a sí .m4r. Windows máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kọ orin.m4r, yóò sì jẹ́ orin.m4r.m4a lábẹ́lẹ̀. Lórí Windows 11, ẹ ṣí fódà, View, Show, File name extensions. Lórí Windows 10, abẹ́ View náà ló wà. Ìkìlọ̀ kan á yọ pé fáìlì lè bàjẹ́, ẹ tẹ Yes. MP3 tí ẹ kàn yí orúkọ rẹ̀ sí .m4r kò ní wọlé, inú rẹ̀ ni iPhone ń wò.

Ẹ fi wáyà so iPhone, kí ẹ tẹ Trust lórí rẹ̀. Láti ìgbà iTunes 12.7, lọ́dún 2017, kò sí ibi tí wọ́n ń kó ringtone pamọ́ sí nínú iTunes mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ìlànà tó ti pẹ́ kò fi ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fa fáìlì .m4r náà láti inú fódà, kí ẹ jù ú sórí orúkọ iPhone yín tó wà lápá òsì. Lórí Mac, láti Catalina, inú Finder lẹ ó ti ṣe é. Lórí Windows tuntun, áàpù Apple Devices ló gba iṣẹ́ yìí. Bí ó bá wọlé, orí àkójọ ni yóò wà nínú Settings, Sounds & Haptics, Ringtone. Bí kò bá wọlé láìsí ìkìlọ̀ kankan, gígùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹni tí iPhone rẹ̀ bá ti wà lórí iOS 26 lè fo wáyà. Ẹ fi M4A tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 30 ránṣẹ́ sínú Files, ẹ tẹ Share, kí ẹ yan Use as Ringtone. Gbogbo iṣẹ́ gígé àti títún ohùn ṣe ṣì wà lọ́rùn kọ̀ǹpútà.

Ìpè WhatsApp

Ìpè láti ilé sí London tàbí Houston, WhatsApp ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà. Lórí Android, WhatsApp ní ringtone tirẹ̀, nítorí náà èyí tí ẹ fi sí Settings fóònù lè má dé ibẹ̀. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Notifications, kí ẹ wá Ringtone lábẹ́ Calls. Bí ẹ bá fẹ́ kí oríkì yín máa dún kìkì nígbà tí ìyá yín bá pè, ẹ ṣí ojú ìwé tí ẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ tẹ orúkọ wọn lókè, ẹ wọ inú Notifications, kí ẹ yan ringtone ìpè fún wọn nìkan. Fún ìpè lásán, inú Contacts ni: ẹ ṣí orúkọ wọn, kí ẹ wá Ringtone níbẹ̀. Ẹ ṣe é ní ibi méjèèjì, kí ẹ sì ní kí ẹnìkan fi nọ́ńbà wọn pè yín nígbà tí fóònù wà ní yàrá kejì, kí ẹ lè mọ̀ bóyá Normalize tí ẹ ṣe tó.